Ọjọ́ Tí Ìyá Ìbákà Dákẹ́

Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Ìyá Ìbákà jẹ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe gba orúkọ yẹn. Aròyé ni iṣẹ́ ìbákà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, obìnrin yìí sì ti ń ṣe iṣẹ́ ẹyẹ náà láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ìyá tó bí i máa ń sọ fún un pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, àmọ́ kí ìyá tó pa òwe náà dé ìdajì, ọmọ á ti bá a parí rẹ̀, á sì fi ìtàn mìíràn lé e. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n ń gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ kan lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn, kó má baà rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ó sọ fún mi pé ìyà yẹn ló jẹ́ kí òun mọ gbogbo ọmọ kíláàsì dáadáa.

Kì í ṣe pé ó jókòó lọ́jọ́ kan ó ní òun fẹ́ máa tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ ló wà tẹ́lẹ̀. Kọ́là, ọrùn ẹ̀wù, ló ń rán níbẹ̀, nígbà tí kò bá sì sí ẹlòmíràn nítòsí, ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó bí àbíkẹ́yìn rẹ̀, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní òkè wọn wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun mójú tó ọmọ òun fún ọjọ́ mẹ́ta péré, kí ọmọbìnrin tó fẹ́ wá máa gbọ́mọ fún òun tó dé. Ọmọbìnrin náà ò dé mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ti di ọdún mẹ́tàlélógún, ọmọ nọ́ọ̀sì náà sì ti ń tẹrí ba kó tó lè wọ ẹnu ọ̀nà.

Ọkọ rẹ̀ jẹ́ káfíńtà, ọkùnrin tí kì í sọ ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ lójúmọ́. Òun ló kan pákó mọ́ ògiri yàrá iwájú, òun náà ló ṣe àpótí ìjókòó kéékèèké fún àwọn ọmọ. Àwọn aládùúgbò máa ń ní Ọlọ́run ló mọ ohun tó ń ṣe, pé bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ aláròyé, òrùlé ilé náà ì bá ti ṣí.

Láti ìgbà tó ti ń tọ́jú ọmọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ìyá Ìbákà gba iṣẹ́ níta. Ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ńlá kan ló pè é pé kó wá máa bójú tó àwọn ọmọ ọwọ́ wọn. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀gá ibẹ̀ pè é wọ ọ́fíìsì, ó sì sọ fún un pé ẹnu rẹ̀ pọ̀ jù, pé ọmọ ọwọ́ ò nílò ìròyìn, pé ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí yẹ kó lè pa ẹnu mọ́ ó kéré tán. Ó padà sílé. Kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni nígbà náà, àní kò sọ fún ọkọ rẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ohun tó bá lè mú kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ mì, ó ti dùn ún wọ egungun. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀mọ̀wé kan bá ti yọjú pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ńṣe ni Ìyá Ìbákà máa ń di ẹnu rẹ̀ pa.

Mi ò mọ èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé rẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, bóyá ǹ bá má ti sáré tó bí mo ṣe sáré nígbà tó yá.

Iṣẹ́ kíkà ni iṣẹ́ tèmi. Ẹgbẹ́ olùwádìí kan ló gbà mí, a sì ń lọ láti ibi ìtọ́jú ọmọ kan sí òmíràn. A ó jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá fún wákàtí méjì, a ó máa ka iye ìgbà tí àgbà bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀, tí ọmọ náà fèsì, tí àgbà tún dá a lóhùn. Ọmọ oṣù mẹ́fà lè fi ẹ̀rín fèsì, ó lè na ọwọ́, ó lè ṣe "ààà". Gbogbo rẹ̀ la ń kà. Àlọbọ̀ la ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ń fi àtàǹpàkò tẹ̀: àlọbọ̀ kan, títẹ̀ kan. Ọ̀gá wa, obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí, sọ fún wa ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé inú àlọbọ̀ yìí ni ọpọlọ ọmọ ti ń gba oúnjẹ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àlọbọ̀ nínú ọkọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, àti nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, títí ẹ̀gbọ́n mi fi ní kí n gbé ẹ̀rọ mi kúrò níwájú ọmọ òun tí mo bá ṣì fẹ́ jẹun níbẹ̀.

Ìwádìí náà kì í ṣe èyí tí a ó ṣe tán tí a ó fi sínú dúrọ́ọ̀. Ìjọba ń ṣe òfin tuntun lórí àwọn tó ń tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Bí àbá náà ṣe wà nígbà náà, ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n á ti yàrá rẹ̀ pa kí ọdún tó parí. Ìgbìmọ̀ tó ń kọ òfin náà wá ní kí Dókítà sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ gan-an kí àwọn tó fọwọ́ sí i. Yàrá ogójì la fẹ́ wò. Ti Ìyá Ìbákà ni ìkejìdínlógójì. Kò ní ìwé ẹ̀rí kankan, ọmọ mọ́kànlá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí wọ́n bá sì ti yàrá náà, kò ní iṣẹ́ mìíràn tó mọ̀, kò sì sí ibòmíràn nítòsí tí àwọn òbí mọ́kànlá yẹn lè gbé ọmọ lọ.

Mo dé ibẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Yàrá náà mọ́ tóní-tóní. Àpò mọ́kànlá ló rọ̀ mọ́ ìṣó lára ògiri, ní ìwọ̀n gíga tí ọwọ́ ọmọdé lè tó, wọ́n sì rán ègé aṣọ tó yàtọ̀ síra mọ́ ìkọ̀ọ̀kan kí ọmọ tí kò mọ̀wé lè mọ tirẹ̀. Àwọn tó ti lè jókòó wà lórí ẹní ní ìlà, wọ́n káwọ́ sáyà, ìpara ń dán lójúgun wọn. Kò sí ohun ìṣeré kankan nílẹ̀. Ìyá Ìbákà wọ aṣọ tó yẹ ká wọ lọ sí ilé ẹjọ́. Ó kí mi, ó fi àga hàn mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìsọ nǹkan kan mọ́.

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo yàrá lẹ́nu fún wákàtí méjì. Ó pààrọ̀ ìlédìí, kò sọ̀rọ̀. Ó fún wọn lóúnjẹ, síbí ń lọ, síbí ń bọ̀, kò sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin oṣù mẹ́sàn-án kan wà níbẹ̀, orí rẹ̀ rìbìtì, ojú rẹ̀ le bíi ti ẹni tó fẹ́ ṣe ìpàdé. Ó gbé ojú sókè wo obìnrin náà, ó la ẹnu díẹ̀, ó ń retí. Obìnrin náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ náà tún wò ó. Mo rí i pé ojú ọmọ náà dàrú, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú ń ti ọmọ. Ẹ ò rí èmi náà àti ìmọ̀ mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo tẹ ẹ̀rọ mi, ọ̀kan nínú mẹ́ta náà ò sì dá mi lójú, ó lè jẹ́ pé ọmọ sín ni. Nígbà tí mo dìde, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Àǹtí, ṣé a ṣe dáadáa?" Òfin iṣẹ́ wa ò gbà mí láyè láti dáhùn. Mo ní ẹ ṣeun, mà, mo sì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́, nítorí ojú rẹ̀ wù mí, ìwé mi sì burú.

Ní ọjọ́ kejì, mo padà lọ bá àwọn òbí. Apá kejì iṣẹ́ wa nìyẹn: a ó dúró ní ìta nígbà tí wọ́n bá wá gbé ọmọ, a ó bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́fà. Èyí àkọ́kọ́ nínú ìbéèrè náà ni pé kí ni olùtọ́jú máa ń ṣe jù pẹ̀lú ọmọ yín. Ìyá ọmọ oṣù mẹ́sàn-án yẹn, télọ̀ ni, ló kọ́kọ́ dé. Kò tíì gbọ́ ìbéèrè náà tán tó fi rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ṣáá, ó ní ọmọ òun ò lè sùn lọ́sàn-án láìkọ́kọ́ jábọ̀ fún ògiri. Ó ní á sọ tirẹ̀ ní èdè rẹ̀, á dákẹ́, á wo ògiri bóyá á dáhùn, á tún máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Awakọ̀ kan dé tẹ̀lé e, ó ní ọmọ òun obìnrin ò tíì pé ọdún méjì, àmọ́ tí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á ní, "Ní tèmi o." Ó ní ẹnu Ìyá Ìbákà ló ti kó o. Ẹni kẹta bi mí pé ṣé ìyá yẹn tiẹ̀ jẹ́ kí èmi náà sọ̀rọ̀ nígbà tí mo wá.

Òbí méje, èsì kan náà. Mo ṣí ìwé àná, mo rí mẹ́ta mi. Ó wá yé mi níbi tí mo dúró sí, láàárín àwọn òbí àti ọmọ, pé mi ò ka Ìyá Ìbákà rárá. Ẹ̀rù ni mo kà. Gbogbo wákàtí méjì yẹn, ẹ̀rù èmi àti ìwé ọwọ́ mi ló jókòó lórí àga, tí mo sì ń kọ orúkọ obìnrin náà sí i lórí.

Mi ò dúró de ọkọ̀. Mo fi ẹsẹ̀ sáré dé ọ́fíìsì, mo sì já wọ yàrá Dókítà láìkan ilẹ̀kùn. Mo ti rojọ́ tán kí n tó rántí pé mi ò tíì kí i. Ó fi mí sílẹ̀ kí n mí, lẹ́yìn náà ó ní ohun tí a bá rí la ń kọ, pé a kì í kọ ohun tí ìyá ọmọ sọ lé ohun tí ojú rí. Òótọ́ ni. Àmọ́ ara mi ò balẹ̀, mo sì bi í pé ta ló ní ohun tí ojú rí yẹn ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ojú ò sí níbẹ̀. Mi ò bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Dókítà pe ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ọkùnrin tí a ń pè ní Ojú-Le nítorí pé àwọn ọmọ ọwọ́ mẹ́jọ ló ti rẹ́rìn-ín sí i lójú kan náà rí tí kò rẹ́rìn-ín padà. Ó ní kó ka iye yàrá tí àlọbọ̀ wọn ò tó mẹ́wàá.

Ojú-Le kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mọ́kàndínlógún ni. Kò sí ẹyọ kan nínú mọ́kàndínlógún náà tí olùtọ́jú rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí.

Inú ìwé tí Dókítà ti ń kọ fún ìgbìmọ̀, ó ti wà níbẹ̀ ní dúdú àti funfun pé àwọn tí kò ní ìwé ẹ̀rí kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kó lọ kà á. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ó ní, "Tó bá jẹ́ pé àwa la pa wọ́n lẹ́nu mọ́, a jẹ́ pé irọ́ la fẹ́ fi ti ilẹ̀kùn mọ́kàndínlógún." Ó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì gbé páálí kan jáde.

Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kéékèèké ló wà nínú páálí náà, wọn ò tóbi ju bisikíìtì lọ. Iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n rà wọ́n fún. Ẹ̀wù kékeré kan wà fún ìkọ̀ọ̀kan, ó ní àpò láyà tí wọn ń ki ẹ̀rọ náà sí. Ọmọ á wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá wá gbé e, fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sì ní sí àlejò kankan nínú yàrá. Òfin wa ni pé kí olùtọ́jú àti àwọn òbí mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Òfin wa náà ni pé mi ò gbọ́dọ̀ sọ ohun tí a ń kà títí iṣẹ́ á fi parí. Èmi tí mo gbé ẹ̀rọ náà lọ, ńṣe ni mo ń bu ètè jẹ lójú ọ̀nà kí n má baà sọ ọ́.

Àwọn òbí fọwọ́ sí i. Ìyá Ìbákà gbé ọ̀kan nínú ẹ̀rọ náà sókè, ó yí i wò. Ó bi mí bóyá gbogbo ohun tí òun bá sọ ló máa gbọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó dáa náà," pẹ̀lú ohùn ẹni tí wọ́n ń ka ẹ̀sùn sí létí. Mo mọ̀ pé ó ti pinnu pé òun á dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, àwa mẹ́ta jókòó yí tábìlì Dókítà ká. Kọ̀ǹpútà lè ka àlọbọ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ Dókítà ní etí ènìyàn gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ pẹ̀lú. A bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ tí ọmọ oṣù mẹ́sàn-án yẹn wọ̀. Wákàtí àkọ́kọ́, a gbọ́ síbí, a gbọ́ ilẹ̀kùn, a gbọ́ omi. Ẹnìkan wúkọ́. Ìṣẹ́jú ń lọ, àtàǹpàkò mi ò kúrò lójú kan. Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Dókítà pé mo fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù lórí ẹ̀rọ náà, ọmọ náà ṣe "Àà?" Kò sí èsì. Ó tún ṣe é, ó gbé ohùn sókè. Kò sí èsì. Lẹ́yìn náà a gbọ́ ìró aṣọ, ó dà bíi pé wọ́n gbé e sókè. Ohùn obìnrin kan wá bẹ̀rẹ̀, ó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Dókítà fi ní kí Ojú-Le yí i sókè.

"Alága, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ kan wà láyà yín yẹn, ó ń gbọ́ wa. Wọ́n ní ẹnu mi pọ̀ jù."

"Bà," ni ọmọ tó ń pè ní Alága náà wí.

"Mo mọ̀. Kò wu èmi náà. Àmọ́ tí wọ́n bá lé mi lọ, ta ló máa wá máa bá yín sọ̀rọ̀?"

"Bà, bà."

"Ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Ṣé ẹ lè fara dà á?"

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Ẹ wá rí i báyìí. Ẹ̀yin náà lẹ mú mi sọ̀rọ̀."

Mo ti tẹ ẹ̀rọ ọwọ́ mi kí n tó mọ̀ pé mò ń sunkún. Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì. Ojú-Le ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní mélòó ni mo tẹ̀, mo ní méjì, ó ní, "Mẹ́ta ni. Ẹ ka ẹ̀rín yẹn mọ́ ọn."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e. Ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọmọ ọwọ́ ìdí tí òun fi dákẹ́, ẹ mọ̀ pé ìdákẹ́ náà ò ní pẹ́. Títí di ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó ti gbàgbé ẹ̀rọ pátápátá. Ó bi Alága bóyá kí òun lẹ ṣòkòtò iṣẹ́ ọkọ òun tó ya lórúnkún tàbí kí òun fi ṣe àkísà. Ó dákẹ́, ó ń retí. Alága dáhùn ní èdè tirẹ̀. Obìnrin náà ní, "Ohun tí mo sọ fún un náà nìyẹn, kò gbọ́." Ó bi ọmọ awakọ̀ yẹn bóyá òjò máa rọ̀. Ọmọ náà ní rárá. Ó ní kí ló dé tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó dúró. Kọ̀ǹpútà ní ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ló fi dúró, ẹ̀yin ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò kí ẹ rí bó ṣe gùn tó, títí ọmọ náà fi mú èsì wá pé, "Mo wọ bàtà tuntun."

Ojú-Le rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé tábìlì, àwa méjì tó kù sì pa iṣẹ́ tì, a ń wò ó.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta náà parí, àlọbọ̀ ẹgbẹ̀fà ó lé mẹ́fà ni kọ̀ǹpútà kà lórí ẹ̀rọ Alága nìkan. Mo fò sókè lórí àga. A gbé ẹ̀rọ lọ sí yàrá méjìdínlógún tó kù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, a ò jókòó, a ò sùn tó. Mọ́kànlá nínú wọn ló yí padà bíi ti Ìyá Ìbákà. Méje ò yí padà. Ìdákẹ́ wọn, ìdákẹ́ gidi ni. Mo fẹ́ kí Dókítà fi àwọn méje yẹn sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ wa lè dùn dáadáa. Ó ní òtítọ́ kì í ṣe ọbẹ̀ tí mo lè fi iyọ̀ sí títí á fi bá mi lẹ́nu mu, pé àwọn méje yẹn gan-an ló nílò kí ẹnìkan lọ kọ́ wọn níṣẹ́, kì í ṣe kí ẹnìkan ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ó gbé mi ṣubú pátápátá.

Ní ọjọ́ ìgbìmọ̀, èmi àti Ojú-Le jókòó sẹ́yìn. Dókítà ò fi nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún àwọn àgbààgbà tó jókòó yí tábìlì gígùn náà ká pé òun ti kọ ohun tí kò tọ́ sílẹ̀ fún wọn, pé díẹ̀ ló kù kí òun kà á níwájú wọn, pé nígbàkígbà tí àwọn bá rán àlejò pẹ̀lú ìwé lọ sí irú yàrá bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù tí àlejò náà gbé wọlé ló máa bá níbẹ̀. Ọkùnrin kan bi í bóyá ó ń sọ pé ìwé ẹ̀rí ò wúlò. Ó ní ó wúlò púpọ̀, ó ní kí wọ́n gbé e lọ bá àwọn obìnrin náà nínú yàrá wọn, kí wọ́n kọ́ wọn níbi tí iṣẹ́ wà, kí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú ọmọ gbà wọ́n sínú ẹ̀kọ́ ìwé ẹ̀rí náà. Ìbéèrè pọ̀, wákàtí mẹ́rin la lò. Nígbà tí wọ́n tún gbólóhùn lórí títi yàrá pa yẹn kọ, tí alákòóso kà á síta pé a ò ní ti yàrá ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ pa láìkọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń lọ níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, àti pé olùkọ́ á máa lọ bá wọn nílé, mo di ọwọ́ Ojú-Le mú tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní kí n fi ọwọ́ òun sílẹ̀.

Dókítà fún mi láyè láti lọ sọ fún Ìyá Ìbákà. Kò tíì tó àsìkò tí àwọn òbí ń dé. Bó ṣe rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí àwọn ọmọ kí wọ́n tò. Mo ní kó má dààmú, pé mi ò gbé ìwé dání. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: pé wọn ò ní ti yàrá rẹ̀, pé nínú yàrá ogójì, bí a bá fi wákàtí ṣírò, òun ló ní àlọbọ̀ jù, kódà ó ju tàwọn tó ní ìwé ẹ̀rí lọ. Ó ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo sọ ọ́.

"Ṣé ọ̀rọ̀ lẹ̀ ń kà?" ló bi mí. "Ẹ ò ka ìdákẹ́jẹ́?"

"A ò ka ìdákẹ́jẹ́ rárá, mà."

Ó rọra jókòó sórí àpótí ọmọdé kan, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó ní, "Ọmọ mi, ọdún mẹ́tàlélógún. Mo rò pé àléébù mi ni àwọn ọmọ yìí ń bá mi fara dà."

Kò dúró gbọ́ èsì mi, ó ti dìde. Ó gbé ọmọ tó kéré jù nínú wọn sórí itan, ọmọ oṣù mẹ́rin, ó sì sọ ìròyìn náà fún un láti òkè délẹ̀, ti ìjọba, ti ìgbìmọ̀, ti ilẹ̀kùn tí wọn ò ní tì mọ́. Ó dákẹ́ kí ọmọ náà lè fèsì. Ó gbé e sílẹ̀, ó gbé èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Alága, ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ohùn rẹ̀ sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò fi yọrí lójú fèrèsé. Kò fo ẹnì kankan, kò sì gé ìtàn náà kúrú fún ẹnì kankan.

Ọ̀dọ̀ ọmọ kẹfà ló wà nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé. Ó ti gbọ́ ariwo láti ojú ọ̀nà, àpò irinṣẹ́ ṣì wà léjìká rẹ̀. Ó wo èmi, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì bèèrè pé kí ni wọ́n wí.

Ìyá Ìbákà na ìka kan sókè láìyíjú kúrò lára ọmọ. "Ẹ dúró ná. Ẹ̀yin lẹ ṣìkejìlá."

Káfíńtà náà sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó sì lọ jókòó sórí ẹní lẹ́yìn ọmọ tó gbẹ̀yìn.